Ibi Tí Okùn Ìpè Ti Já

"Àǹtí, ọkọ yín ti dé lánàá."

Ohun tí Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Orí àpótí ló wà nílé ìyá rẹ̀, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú dànù. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé fóònù náà ló máa ṣàlàyé ara rẹ̀, ó tún gbé e padà sétí.

"Ta ló dé?"

"Ọkọ yín, Bàbá Aláròyé. Gbogbo wọn ló dé. Ọkọ̀ já wọn sí pápá lọ́sàn-án àná. Mo ti ń pè yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́. Ẹ má bínú."

Ìyàwó Awakọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sì ti pa fóònù kí Alágbàfọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Àná! Obìnrin tó ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ pàdé ọkọ rẹ̀, tó ti gbé aṣọ náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń lọ̀ ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni pé aṣọ máa ń rún lórí ìkọ́. Obìnrin tó ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe sáré, ibi tí yóò ti fò, àti bí yóò ṣe dì mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Òun ló wà ní ìlú kejì tó ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ogun. Ìparí oṣù ni wọ́n sọ fún wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí òun sáré wá wo ìyá òun tí orúnkún ń yọ lẹ́nu.

"Màámi, ọkọ mi ti dé o."

"Nígbà wo?"

"Lánàá."

Ìyá rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo wá ń jókòó sí báyìí? Ṣé kí n bá ẹ mú búrẹ́dì yẹn dání ni?"

Kó tó di pé a bá a wọ ọkọ̀, ó yẹ ká mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn ní bárékè tó ń gbé. Ilé Ìdílé ló ń gba ìròyìn àwọn tó wà lójú ogun. Yàrá méjì ni Ilé Ìdílé, lẹ́yìn ilé ìwòsàn, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, àga rẹ̀ kò sì bára mu, torí pé ìdílé tó bá ń kó lọ ló máa ń fi àga sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá Obìnrin ló ń darí ibẹ̀, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń rìn bí ẹni tí ìlù ẹgbẹ́ ọmọ ogun ń dún nínú bàtà rẹ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìrìn àjò àwọn ọmọ ogun sára ògiri, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù ní kíkọ. Ó ní ìròyìn ogun dà bí ẹyin, ọwọ́ ló ń gbé e fún ọwọ́. Nítorí náà ló ṣe dá okùn ìpè sílẹ̀. Òun á pe ìyàwó kan, ìyàwó yẹn á pe ẹnì kan péré, ẹni yẹn náà á pe ẹnì kan, títí yóò fi dé ìdí okùn.

Alágbàfọ̀ ni ìdí okùn, torí òun ló dé bárékè gbẹ̀yìn. Àwọn obìnrin yòókù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìrù, ṣé o ti gbọ́?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má fojú di ìrù o, òun ló ń lé eṣinṣin fún yín."

Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nínú okùn ni Ìyàwó Awakọ̀. Ọkọ ọmọbìnrin náà ló ń wa ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun, inú ọkọ̀ náà ló sì kú sí, nígbà tí ogun náà dé ìdajì. Àwọn ọ̀gá ológun méjì ló wá sọ fún un nílé, nínú aṣọ tí Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ lọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ìyàwó jókòó ní Ilé Ìdílé láti bi ara wọn léèrè bóyá kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú okùn ìpè. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó bá yọ orúkọ rẹ̀ ti pa ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu gbogbo wọn kò. Wọ́n nawọ́ sókè pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, Alágbàfọ̀ náà nawọ́. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, bí ẹni tó ṣe ohun tó dára.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì já òun àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu géètì bárékè. Aláròyé ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn, tó bá sì sùn náà, a máa sọ̀rọ̀ lójú oorun.

"Màámi, ṣé bàbá mi máa mọ̀ mí?"

"Á mọ̀ ẹ́."

"Ṣé wọ́n ní ẹsẹ̀?"

"Kí lo rò pé wọ́n fi ń rìn?"

"Mi ò rí ẹsẹ̀ wọn rí. Orí àti àyà nìkan ni wọ́n ní nínú fóònù."

Wọ́n yà sí ọ̀nà ilé. Ọkọ rẹ̀ rèé níwájú ilẹ̀kùn. Ó jókòó lórí báàgì ńlá rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sórí igi òdòdó bí ẹni tó ti gba ilẹ̀ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni. Nígbà tí kò sí nílé ni àgádágodo bàjẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣọ́ ojú ọ̀nà orílẹ̀-èdè mìíràn kò lè wọ ilé ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ géètì ló sùn. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn lójú ọ̀nà, wọn kò sì tíì dá a padà, nítorí náà kò rí ìyàwó rẹ̀ pè.

Aláròyé dúró gbagidi. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì figbe ta: "Màámi! Bàbá inú fóònù ti jáde!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà sá sí. Ó yọ ojú kan síta. "Ṣé wọ́n máa padà sínú ẹ̀ lálẹ́ ni?"

"Mi ò ní padà mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ padà sí orí itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alágbàfọ̀ rí ọwọ́ náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò gbàgbé rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣebí ilé ò sá lọ." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Àwọn yòókù ń dì mọ́ ìyàwó wọn, èmi náà dì mọ́ báàgì mi. Báàgì náà ò kọ̀ mí. Mo jókòó sí ìdí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo sì..."

"Bàbá!" Aláròyé ti rí ìbọ̀sẹ̀ lórí òdòdó. "Ìbọ̀sẹ̀ yín ń rùn! Màámi máa bá yín fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ máa tò sórí ìlà, gbogbo ènìyàn ló máa ń tò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín wọlé. Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ sì jábọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

*

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Obìnrin kó àwọn tó dé àti ìyàwó wọn jọ sí Ilé Ìdílé. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun kọ̀ọ̀kan, torí ó ní ogun tó wà nínú ilé lẹ́yìn ogun kì í ní ìbọn, àmọ́ ó máa ń fọ́ àwo.

"Ẹ̀yin ọkọ," ó ní, "ẹ má gbé àga kankan kúrò níbi tí ẹ bá a. Obìnrin tó gbé e síbẹ̀ mọ ìdí. Ẹ ṣe bí àlejò títí wọ́n á fi ní kí ẹ dìde wá fọ abọ́."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má pàtẹ́wọ́ jù, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí. Tí ọ̀rọ̀ bá pọ́n, á já fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbọn igi, èso díkórò ló máa jẹ."

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ọkọ Alágbàfọ̀ wà lára wọn. Ogun yẹn ló kẹ́yìn fún un. Ilé Ìdílé ní àwọn tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ mìíràn, Ọ̀gá a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ, iṣẹ́ wo lo mọ̀?"

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ afárá, Ọ̀gá."

"Ta lo mọ̀ tó ní afárá nínú ilé tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣọ́ ọ?"

Ilé rọ́ fẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n fẹnu kò pé yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fíríìjì ṣe, nítorí pé ọkùnrin náà kò lè rí ẹ̀rọ kó má tú ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ọ̀gá di Alágbàfọ̀ mú lápá. "Ìrù, dúró."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àga tó fẹsẹ̀ kan mì. "Kí ló ṣe okùn mi?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Ọ̀gá. Ohun tí Ìyàwó Awakọ̀ sọ nìyẹn."

"Onídìrí tó wà níwájú rẹ̀ nínú okùn pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dé, ó gbọ́ ọ kedere. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé tí kò jẹ́ kó jáde?" Ó fi ìka kan tábìlì. "Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ. Wọ́n ti gbà kí n gba ẹnì kan síṣẹ́ níbí. Olùpè. Òun ló máa di orí okùn, òun ni yóò máa bẹ àwọn ìdílé wò nílé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbí lè máa gbé inú bárékè. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ gbà. Tí mi ò bá gbà á, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, ó gbọ́dọ̀ kó jáde kúrò nínú ilé yẹn, òun àti ọmọ tó ń rá. O mọ̀ pé kò ní ibì kankan."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣọmọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló di ìròyìn mú lọ́wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé fóònù Ilé Ìdílé fún un? Lọ́la ó lè jẹ́ ìròyìn ẹni tó wà nílé ìwòsàn." Ó wò ó tààrà. "Ìwọ ló ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí o bá sọ ni mo máa gbà. Bi í. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa pinnu."

Alágbàfọ̀ jáde, oòrùn gbá a lójú. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kí ni òun tún fẹ́ bi í. Ọmọ ọlọ́mọ ti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n máa fi ìbéèrè lé e kiri?

*

Yàrá iwájú ilé wọn ni Alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí, okùn aṣọ gba òkè kọjá, òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná sì máa ń kún ibẹ̀ láti àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń bá a ká aṣọ. Ó ń ká a bí wọ́n ṣe ń ká a nínú iṣẹ́ ológun, etí kan etí, tó fi jẹ́ pé aṣọ ìbora ọ̀dọ̀ rẹ̀ le ju páálí lọ.

"Ẹ rọra," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. "Aṣọ ọmọ ìkókó nìyẹn, kì í ṣe àsíá."

"Ọmọ ìkókó tó bá wọ èyí, ó máa dìde kí ọ̀gá rẹ̀ ni."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, irú ìdákẹ́jẹ́ tí Alágbàfọ̀ ti ń ronú nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ: kí èèyàn méjì wà nínú yàrá kan, kí ẹnikẹ́ni má sì ní láti sọ pé "ṣé o ń gbọ́ mi?" Ó fẹ́ kí ọ̀sán náà má tán. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Ó bi mí bóyá ó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Alágbàfọ̀ rántí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Kò gbọn igi. Ó kàn ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

"Awakọ̀," ni ọkùnrin náà ń bá a lọ. "Gbogbo ohun tí mo rò pé ìyàwó rẹ̀ máa bi mí, kò bi mí. Bóyá ó jẹun ló bi mí. Mo ní ó jẹ ìrẹsì àná, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Ó bi mí bóyá ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ó ń kọ ọ́, orin náà ò sì dùn rárá. Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá òun nìkan ló wà. Mo ní rárá. Mo ní orí rẹ̀ wà lórí itan mi."

Kò tíì sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ rí. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró ní ìdúró. Ó fẹ́ lọ dì í mú, ó sì lọ dì í mú, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó ń rọ̀. Ìgbà tó yá ni ìbéèrè kan gòkè wá sí i lọ́fun.

"Ìgbà wo ló bi yín?"

"Lọ́jọ́ tí mo dé náà, ní pápá. Ìdí igi la jókòó sí títí gbogbo wọn fi lọ." Ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rán an wá pàdé mi ni? Mo bi í léèrè rẹ, ó ní o lọ wo ìyá rẹ. Ó ní òun á pè ẹ́."

*

Bí Alágbàfọ̀ ṣe ń lọ sílé Ìyàwó Awakọ̀, kò mọ̀ pé òun ń sáré. Ó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó na sí ọmọ rẹ̀, tó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rí aṣọ tuntun rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n fojú rẹ̀ gbolẹ̀, wọ́n sì fi "ẹ má bínú" nù ún lójú!

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà nílẹ̀, ó ń ki abọ́ sínú páálí, ó ń fi ìwé ìròyìn wé e. Ọmọ rẹ̀ ń rá kiri láàárín àwọn abọ́.

"Àǹtí. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó." Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Báwo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyàwó Awakọ̀ gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tú.

"Ó mọ́ gaara," ó ní.

"O mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Onídìrí pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ní, 'Àwọn ọkọ wa ń bọ̀ lọ́la, sọ fún ẹni tó kàn.' Àwọn ọkọ wa, Àǹtí. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí. Ló bá bú sẹ́kún. Èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lórí fóònù." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn náà mo tẹ nọ́ńbà yín. Mo pa á kó tó dún."

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Àwọn tó wá sọ fún mi, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ. Mo bi wọ́n bóyá òun nìkan ló wà, wọ́n ní àwọn á wádìí. Wọ́n ṣì ń wádìí di òní. Mo mọ̀ pé ọkọ yín wà níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tí ẹ bá ti gbé e wọlé, á di ẹni tó ń sinmi. Ọ̀gá á ní kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà wo ló máa wá kàn mí?"

"Ṣé o ò lè sọ fún mi ni? Ká ní o sọ ọ́, ṣé mi ò ní jẹ́ kó bá ẹ jókòó?"

"Ẹ ó jẹ́ kó bá mi jókòó. Ẹ ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ ó di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, ẹ ó máa wò mí bí ẹ ṣe máa ń wò mí. Òun náà á máa wo ẹ̀yin, á máa yára sọ̀rọ̀. Àánú kọ́ ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì mí láìkánjú, kó sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alágbàfọ̀ lára, àmọ́ kò pa iná inú rẹ̀. "Ọmọ mi sá fún bàbá rẹ̀," ó ní. "Mo ti kọ́ ọ bó ṣe máa sáré. Kò rí pápá tó máa ti sáré. Ẹ̀yìn mi ló sá sí. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́, ọwọ́ náà padà lófo."

Ìyàwó Awakọ̀ bo ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìyẹn, mi ò lè dá a padà fún yín," ó ní. "Mo mọ̀. Mo sì purọ́ mọ́ ọn."

Ọmọ tó ń rá ti dé ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀. Ó di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń gbìyànjú láti dìde. Kò sí bí wọ́n ṣe lè máa jà pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì wá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí wọn kò tíì di.

"Ọ̀gá ló rán yín, àbí?" ni ìyá ọmọ náà bi í.

"Òun ni. Ọjọ́ Ẹtì ló máa pinnu. Ó ní ohun tí mo bá sọ ni òun máa gbà."

"Mo ti ń di ẹrù." Kò bẹ̀bẹ̀. Ó mú abọ́ mìíràn, ó wé e. "Tí ẹ ò bá ní bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ta ló ní kí ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ nínú okùn yẹn? Láti ọjọ́ tí Awakọ̀ ti kú, gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, ìròyìn ọkọ àwọn ẹlòmíràn ni. Ara wọn le. Oúnjẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti kúrò ní ibi báyìí. Èmi á gbọ́ ọ, èmi á gbé e fún yín, bí ẹni tí ebi ń pa tó ń gbé àwo oúnjẹ àlejò kọjá. Ẹ ṣe é fún mi ní oore, mo mọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí."

Alágbàfọ̀ rántí ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà sókè ní Ilé Ìdílé lọ́jọ́ náà. Ó rántí bí ọkàn rẹ̀ ṣe fúyẹ́ nígbà tó ń padà sílé, tó tilẹ̀ ń kọrin. Ojú tì í.

Ọmọ ń fa bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀, ìró ọwọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Alágbàfọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wò síwá, ó gbé e wò sẹ́yìn. Irọ́ náà rọrùn: kó kàn sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ilé yìí á dúró. Àmọ́ ọmọbìnrin yìí á máa gbé fóònù tí irọ́ bò mọ́lẹ̀, òun náà á sì máa gbọ́ irọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Òtítọ́ nìkan náà rọrùn: kó sọ ọ́, kó padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, kí páálí wọ̀nyí jáde síta. Ohun tó ṣòro ni kó gbé méjèèjì pọ̀. Ó wá ń wo àwọn ìyàwó tó wà nínú okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́kàn rẹ̀. Onídìrí ń sunkún kó tó sọ̀rọ̀. Òmíràn máa ń fi ẹ̀rín kún ìròyìn. Òun fúnra rẹ̀, ìgbà wo ló ti ronú rí nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wúwo tó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e? Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ẹni náà ló sì ń wé abọ́ níwájú rẹ̀ yìí. Ìbínú rẹ̀ kò tíì lọ. Ó wá a wò, ó ṣì bá a níbi tó wà. Àmọ́ ìbínú náà kò lè sọ fún un pé ohun tó rí kì í ṣe òótọ́.

Ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó sì dìde.

"Gbọ́ mi," ó ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá sọ fún Ọ̀gá pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá sọ pé ìwọ lo dá ìpè náà dúró, màá sọ ìdí tí o fi dá a dúró, màá sì sọ pé àwa la so ẹ́ mọ́ okùn yẹn láìbi ẹ́. Tó bá wá bi mí pé ta ni kí òun gbà síṣẹ́, ìwọ ni màá dárúkọ. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Àmọ́ ìwọ ni màá dárúkọ."